Octaviano Olympio, ọkùnrin tó fi kálámù gbèjà ará ìlú

Ìtàn ọkùnrin kan la fẹ́ sọ fún yín nínú ẹ̀kọ́ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Octaviano Olympio. Kì í ṣe ọmọ Kétu. Ìlú Lomé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, ló ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ìtàn.

Ẹ lè béèrè pé: "Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?" Ó kàn wá. Ìyà tí òyìnbó fi jẹ àwọn ará Lomé láyé ìjọba amúnisìn, irú rẹ̀ ni àwọn bàbá wa jẹ ní Kétu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà kọ ìyà náà yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá wa. Kò gbé ìbọn. Kò sá kúrò nílùú. Ìwé ló kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ohun tí ìwé náà ṣe, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí kò lè ṣe.

Àwọn Àgùdà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àwọn Àgùdà. Wọ́n wà ní Wídà, ní Àjàṣẹ́, ní Agoué, ní Èkó pẹ̀lú. Orúkọ ìdílé wọn la fi ń dá wọn mọ̀: de Souza, d'Almeida, Paraïso, Olympio.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kìíní jẹ́ ẹrú tí a kó lọ sí Bràsíl, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wá sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó bíi tiwa. Àwọn kejì jẹ́ oníṣòwò tí wọ́n ti Bràsíl wá, tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó Potogí wà lára wọn. Wọ́n fẹ́ obìnrin ìlú, wọ́n sì bímọ. Àwọn ọmọ náà di ẹlẹ́jẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀.

Ipò ẹlẹ́jẹ̀ méjì kò rọrùn. Ó gbọ́ èdè ìlú, ó sì gbọ́ èdè òyìnbó. Ó mọ̀wé, ó mọ òwò. Nítorí náà òyìnbó ń wá a láti bá a ṣiṣẹ́, ará ìlú náà ń wá a láti bá wọn gbọ́ ohun tí òyìnbó wí. Ṣùgbọ́n ará ìlú a máa wò ó bí òyìnbó dúdú. Òyìnbó ní tirẹ̀ kò gbà pé ó bá òun dọ́gba. Ẹni tó bá wà láàárín báyìí, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè jókòó ti òyìnbó kó máa jẹun. Ó sì lè lo èdè méjèèjì láti gbẹnu sọ fún àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀.

Bàbá àti ọmọ

Bàbá Octaviano ni Francisco Olympio. Bàhíà ní Bràsíl ni wọ́n ti bí i. Nǹkan bí ọdún 1850 ló dé etíkun wa. Kò wá gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Òwò ló bá wá, òwò ẹrú sì wà nínú òwò tó bá wá. Nígbà náà ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lé àwọn tó ń kó ẹrú lórí òkun, síbẹ̀ òwò náà kò tíì tán. Nígbà tó tán, Francisco yà sí òwò epo pupa. Ó tẹ̀dó sí Agoué, ìlú kékeré kan létí òkun ní orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀, nítòsí ààlà Tógò. Ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, ó sì bí ọmọ púpọ̀.

A kò fi ọ̀rọ̀ òwò ẹrú yìí pamọ́ fún yín. Àwa ará Kétu mọ ohun tí ẹrú jẹ́. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú wa, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lọ. Ó di ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì kí àwọn tó kù tó padà wá tún ilé kọ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé lára owó tó gbé ìdílé Olympio dìde ni owó tí a rí lórí ọmọ èèyàn. Ẹ fi í sọ́kàn. A ó tún kàn án níwájú.

Octaviano ni a bí ní nǹkan bí ọdún 1860. Ó kọ́ ìwé, ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó sì kọ́ òwò.

Bí Lomé ṣe di ìlú ńlá

Ní nǹkan bí ọdún 1880, Lomé kò ju abúlé lọ lórí iyanrìn. Ohun tó mú un dàgbà ni owó ibodè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó ibodè lórí ọtí àti tábà ní Keta, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn oníṣòwò bá kó ẹrù wọn wá sí Lomé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Octaviano wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì kan, A. & F. Swanzy, ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì dé Lomé ní nǹkan bí ọdún 1882.

Ọdún 2 lẹ́yìn èyí ni àwọn Jámánì wọlé. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884, aṣojú wọn, Gustav Nachtigal, bá àwọn ará ìlú Tógò létí ọ̀sà ṣe ìwé àdéhùn. Láti inú ìwé kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti gba gbogbo ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1897 wọ́n fi Lomé ṣe olú ìlú.

Ní gbogbo àkókò yìí Octaviano ń lówó sí i. Ó gbin àgbọn, oko àgbọn rẹ̀ sì tóbi. Ó di ọ̀kan lára àwọn tí ẹnu wọn tólẹ̀ jù ní Lomé. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín òyìnbó àti ìlú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà.

Ẹgba àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀

Àwọn Jámánì kọ́ nǹkan sí Tógò. Wọ́n ṣe afárá sínú òkun ní Lomé ní ọdún 1904, kí ọkọ̀ lè máa já ẹrù. Wọ́n la ojú irin lọ sí Aného ní 1905, lọ sí Kpalimé ní 1907, lẹ́yìn náà lọ sí ọ̀nà Àtàkpámé, níbi tí àwọn ìbátan wa tí ń sọ èdè Ifẹ̀ wà. Wọ́n ń fi Tógò yangàn nílé. Wọ́n ní ilẹ̀ náà ń fi owó ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀.

Ta ni owó náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá? Ará ìlú ni. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọjọ́ 12 fún ìjọba lọ́dọọdún láìgba owó, tàbí kó san owó dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀, ẹgba ni. Àṣẹ tí ìjọba Jámánì pa ní ọdún 1896 ní kí ẹgba má ṣe ju 25 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo bí àṣẹ tó fẹ́ dín ìyà kù ṣe rí! Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń rìn ní ìgboro pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn, ẹnìkan so mọ́ ẹnìkejì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà.

Èyí tó burú jù ni pé kò sí ìwé òfin kan tí ará ìlú lè tọ́ka sí. Kọ̀máńdà ló ń mú èèyàn, òun náà ló ń dájọ́, òun náà ló ń pàṣẹ ẹgba. Bí inú rẹ̀ bá dùn lónìí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kéré. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà di ńlá.

Ohun tí àwọn bàbá wa ṣe nígbà náà

Ní tiwa níhìn-ín, Faransé ló ń jọba. Láti ọdún 1899 wọ́n ti ń gba owó orí ní Dàhòmì. Wọ́n ń kó èèyàn lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ogun ńlá dé ní 1914, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe sójà.

Àwọn ará Kétu fi ẹsẹ̀ dáhùn. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìyà pọ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù lóru, wọ́n sọdá ààlà lọ sí Ìmẹ̀kọ àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ní ẹbí ní Nàìjíríà títí dòní.

Àwọn Ọ̀họ̀rí fi ìjà dáhùn. Ní 1914 àti 1915 wọ́n gbé ohun ìjà sí Faransé láti inú ilẹ̀ ẹrẹ̀ wọn, níbi tí ọkọ̀ àti ẹṣin kò lè wọ̀ nígbà òjò. Akọni ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Faransé padà borí wọn.

Kò sí ẹni tó lè bá àwọn bàbá wa wí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò. Ẹni tó sá, ó fi oko àti ilé sílẹ̀. Ẹni tó jà, ó fi ẹ̀mí dí i. Ọ̀nà kẹta wà, ṣùgbọ́n ìwé ni ọ̀nà náà, ìwé kò sì tíì dé ọwọ́ wọn nígbà náà. Ní Lomé, ìwé ti dé.

Ìwé ọdún 1913

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ará Lomé tó mọ̀wé ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Gold Coast Leader. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Cape Coast, ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ọwọ́ Jámánì kò tó o. Wọ́n ń sọ gbogbo ohun tí ojú ará Tógò ń rí, wọn kì í sì í kọ orúkọ wọn sí i. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn Jámánì púpọ̀, nítorí pé wọ́n ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ilẹ̀ Tógò tutù nini.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1913, mínísítà Jámánì tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè wá sí Lomé. Wilhelm Solf ni orúkọ rẹ̀. Octaviano Olympio àti àwọn ọlọ́lá ìlú kan kó ara wọn jọ, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì fi í lé mínísítà náà lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò fi orúkọ pamọ́. Ohun 7 ni wọ́n béèrè:

1. Kí ètò ìdájọ́ dára ju bó ṣe wà lọ.

2. Kí ìjọba fòpin sí ẹgba àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

3. Kí ọgbà ẹ̀wọ̀n dára sí i.

4. Kí àwọn aṣojú ará ìlú lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba.

5. Kí ìwé òfin kan wà fún gbogbo ilẹ̀ náà.

6. Kí ìjọba dín owó orí kù.

7. Kí ará ìlú lè máa ṣòwò láìsí ìdíwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àwọn ohun 7 yìí kà. Ẹ rí i pé wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọn kò sọ pé kí òyìnbó máa lọ. Ọ̀rọ̀ tí ojú lè rí, tí ọwọ́ lè tọ́ka sí, ni wọ́n kọ.

Ẹ wo ìkarùn-ún. Kí ló dé tí wọ́n fi béèrè ìwé òfin? Òfin tó wà nínú orí kọ̀máńdà nìkan, kò sí ẹni tó lè fi mú kọ̀máńdà. Òfin tí a kọ sílẹ̀, tí a sì lè kà, a lè ṣí i níwájú rẹ̀ kí a sọ pé: "Ohun tí ẹ kọ nìyí." Àwọn tó bá kàwé nìkan ni wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìkejì pẹ̀lú. Bàbá Octaviano bá wọn ṣe òwò ẹrú. Òwò ẹrú kò ṣeé ṣe láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wá fi ọwọ́ sí ìwé pé kí a tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́rùn èèyàn. Ohun tí ọmọ ṣe kò nu ti bàbá kúrò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ibi tí bàbá ẹni dúró sí kọ́ ni ó di dandan kí ọmọ parí ìrìn rẹ̀ sí.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Olówó ni wọ́n. Nítorí òwò wọn ni wọ́n ṣe kọ ọ́." Òótọ́ wà níbẹ̀. Oníṣòwò ló kọ ìkeje, tàlákà kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹgba ń bá, tí ń la ọ̀nà nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà wọ inú ìwé kan náà, mínísítà sì gbọ́dọ̀ kà á.

Kí ló ti inú ìwé náà jáde?

Ká sọ òótọ́ fún ara wa: ìjọba Jámánì kò ṣe ohun tí wọ́n béèrè. Kò tíì pé ọdún kan, ogun dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn Jámánì túúbá fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé nítòsí Àtàkpámé. Gẹ̀ẹ́sì mú Lomé fún ọdún 6. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì pín Tógò, Lomé sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1920. Octaviano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò pẹ́, tún mú kálámù. Wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́ ìpín náà. Wọn kò gbọ́ tiwọn.

Síbẹ̀ Faransé rí i pé àwọn ará Lomé kì í dákẹ́. Ní ọdún 1922, Gómìnà Bonnecarrère dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Conseil des notables, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá. Octaviano jókòó níbẹ̀. Ohun tí ìkẹrin béèrè ní 1913, díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni lóòótọ́, nítorí ìgbìmọ̀ náà lè gba gómìnà nímọ̀ràn, kò sì lè dá a dúró.

Àwọn obìnrin ọjà

Èyí hàn kedere ní ọdún 1933. Ọjà kò tà mọ́ ní gbogbo ayé nígbà náà. Owó kòkó àti èkùrọ́ ti wálẹ̀. Dípò kí Faransé dín owó orí kù, wọ́n fi owó tuntun kún un, ó sì kan àwọn obìnrin ọjà. Ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá wà níbẹ̀, síbẹ̀ owó tuntun náà jáde.

Ẹgbẹ́ ará ìlú kan tó ń jẹ́ Duawo bá dìde. Ní oṣù kìíní ọdún 1933, ìjọba mú 2 nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà. Àwọn obìnrin Lomé pa ọjà tì. Wọ́n tú jáde, wọ́n kún ìgboro, wọ́n yí ilé ìjọba ká. Ìjọba tú àwọn 2 náà sílẹ̀, ó sì fa owó tuntun náà sẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ kọ́ ni wọ́n rí i gbà. Wọ́n kó sójà wá sí Lomé, ẹ̀mí sì sọnù ní oṣù tó tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí kò mọ̀wé rárá. Ohun tí ìwé àwọn ọlọ́lá kò lè ṣe, wọ́n fi ẹsẹ̀ àti ohùn ṣe é. A kò sọ èyí láti fi ìwé ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé má ṣe rò pé òun nìkan ló lè gba ìlú là. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Olùkọ̀wé tí kò ní èrò lẹ́yìn, ìwé rẹ̀ a sùn sínú àpótí. Èrò tí kò ní olùkọ̀wé, ohùn rẹ̀ a gbalẹ̀ lónìí, wọ́n á sì sẹ́ ẹ lọ́la.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Octaviano Olympio kú ní ọdún 1940. Kò rí òmìnira. Ṣùgbọ́n Epiphanio, ọmọ bàbá rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Agoué, bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Sylvanus. Sylvanus kọ́ ìwé dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1947 ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, Tógò gba òmìnira, Sylvanus Olympio sì di olórí rẹ̀. Ààrẹ kìíní ni. Àwọn sójà pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963.

Ohun tí a rí kọ́

Ìjọba Jámánì tó gba ìwé ọdún 1913 ti lọ. Mínísítà tó gbà á ti kú. Oko àgbọn Octaviano, ìlú ti bò ó. Ìwé náà kò kú. Àwọn òpìtàn ṣì ń kà á, ohun tí ará Lomé wí kò sì yí padà. Òyìnbó kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò bá òun sọ̀rọ̀.

Àwọn bàbá wa tó sọdá sí Ìmẹ̀kọ náà ní ohun láti sọ. Wọ́n mọ iye owó orí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n kó lọ ṣe sójà tí kò padà. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀. Èyí tó kù ṣì wà lẹ́nu àwọn arúgbó wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé kọ báyìí, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òde òní. Bí afárá abúlé bá já, bí kànga bá gbẹ, bí wọ́n bá ń gba owó tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ kó ara yín jọ kí ẹ kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi ti àwọn ará Lomé. Ẹ fi nọ́ńbà sí i. Ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà kí gbogbo yín jọ gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni a rí nínú ìtàn yìí tí èèyàn gbà kọ ìyà?

2. Nínú ohun 7 tí wọ́n béèrè ní 1913, èwo ló ṣe pàtàkì jù lójú yín? Kí ni ìdí?

3. Kí ló dé tí ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá kò lè dá owó tuntun ọdún 1933 dúró, tí àwọn obìnrin ọjà sì lè ṣe é?

4. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìwé sí ìjọba nípa abúlé yín lónìí, ohun mẹ́ta wo ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè? Ẹ kọ wọ́n sínú kàyé yín.